Ǹjẹ́ Ìbùkù Ni Láti Bi Olóòótọ́ Léèrè Owó?

Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022, ọ̀pọ̀ ará Lọ́kọ́ja di ayálégbé lójijì. Bí ìjọba bá gbé owó ìrànwọ́ ilé lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, àwọn kan yóò ní Alhaji ni akápò, ẹ má bi í léèrè.

A kò gbà. Nínú Súúrà Bákárà, ẹsẹ 282, àwọn onígbàgbọ́ òdodo gan-an ni Ọlọ́hun ní kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ànọ́bì wa (SAW) ló fúnra rẹ̀ yan Ibn al-Lutbiyya láti gba sàká. Nígbà tí ó dé, Ó bá a ṣírò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹgbẹ́ tó bá ná mílíọ̀nù kan dọ́là owó ìjọba àpapọ̀ lọ́dún gbọ́dọ̀ pe ọ̀dítọ̀ láti ìta.

Ibi tí ó ti le ni ti òtòṣì tí onílé rẹ̀ kì í já rìsíìtì fún. Ẹgbẹ́ lè fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kí ìwé wọn lè mọ́ lójú ọ̀dítọ̀. Ìyànjẹ nìyẹn náà. Kí ẹlẹ́rìí méjì lọ bá onílé, kí akọ̀wé kọ iye owó àti oṣù, kí onílé tẹ ìka sí i, kí owó tó jáde.