Púlọ́ọ̀gì Kẹjọ

Ẹ̀yin ọmọ Ògún! Ọkọ̀ Sunbeam Tiger, tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba láti 1964 sí 1967, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló ní. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá lápá òsì, inú ọkọ̀ gan-an lẹ máa gbà tú u, láti ihò kan tí wọ́n fi rọ́bà dí. Àwọn kan á pààrọ̀ méje, wọ́n á fi ìkẹjọ sílẹ̀. Ṣebí oníbàárà ò ní rí i? Hùn! Irin la fi ń búra nílé wa. Ẹni tó di sípánà mú, tó ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lòun pààrọ̀, ó ti búra nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ dànù kó má bàa já sínú. Ẹ rọra fi ọwọ́ yí tuntun wọlé. Tó bá há, ẹ tú u padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì dá rọ́bà ihò náà padà.