Kẹ̀kẹ́ Àgbá Tuntun àti Òtítọ́ Ayé Àtijọ́

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, Vasa, ọkọ̀ ogun ọba Sweden, rì sí èbúté Stockholm lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbéra. Àgbá 64 ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi márùndínlógójì, àwọn òmùwẹ̀ tó ń mí afẹ́fẹ́ tó há sínú agogo ńlá kan fa èyí tó ju 50 lọ jáde. Idẹ ni wọ́n ń wá. Púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ onígi tó gbé àgbá wọ̀nyí dúró ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú omi, nítorí igi kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn.

Lọ́dún 1961 tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde, igi tí wọn ò kà sí yìí ló wá di ẹlẹ́rìí. Àwọn onímọ̀ da àgbá idẹ tuntun bíi ti Vasa, wọ́n kan kẹ̀kẹ́ fún un, wọ́n sì yìn ín lọ́dún 2014 ní Karlskoga ní Sweden. Pákó tí wọ́n tò bí ìhà ọkọ̀ náà ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ.

Ṣé òtítọ́ wà nínú irú kẹ̀kẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀? Igi tuntun ni, kò wọ inú Vasa rí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Plutarch, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Athens ń pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà lára ọkọ̀ Theseus, akọni wọn, títí àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ń jiyàn: àwọn kan ní ọkọ̀ ọjọ́sí náà ni, àwọn mìíràn ní rárá o.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nìkan ló lè jẹ́rìí pé òun wà níbẹ̀. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè kan ìyẹn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń fi í hàn. Ní ẹ̀gbẹ́ àgbá, apá irin tàbí idẹ méjì ló yọ síta, tó jókòó sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sórí igi kẹ̀kẹ́. Bí kòtò náà bá fẹ̀ jù, gbogbo ìgbà tí ẹ̀tù bá bú ni àgbá yóò máa lu igi náà títí tí yóò fi là. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fẹ́ràn igi elm: fọ́nrán inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, kì í tètè là. Ẹni tó bá fi igi mìíràn rọ́pò rẹ̀, tó wá kùn ún dáadáa, ojú lásán ló tẹ́ lọ́rùn.

Ìwé àdéhùn Venice ti ọdún 1964 ní kí àtúnṣe nǹkan àtijọ́ dúró níbi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ohun tuntun sì yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Nítorí ilé àti ohun ìrántí ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó de ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́ àgbá náà. Lórí HMS Victory, ọkọ̀ ogun àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Portsmouth, púpọ̀ nínú àwọn àgbá ni wọ́n ṣe ní fífúyẹ́ kí ara ọkọ̀ tó ti gbó má baà wó. Kò sí irọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún àlejò. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà náà fín ọdún iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́, kí ó sì kọ ibi tó ti wọn ti àtijọ́ àti ibi tó ti fi òye gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó máa tú u lọ́la lè mọ èyí tó yẹ kó gbà gbọ́.