Olè Ni Ẹni Tó Gba Mẹ́dàlì Eré Tí Kò Sá

Kò sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí tí yóò wọ̀ mí létí. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún eré ìje, tó lẹ nọ́ńbà máyà, tó wá gun zémìjàn, ọ̀kadà àwa ará Lomé, ní àárín ọ̀nà, tó sọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, tó sì na ọrùn kí wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ ọ, olè ni. Kò sí nínú iye àwọn tí à ń pè ní ọmọlúàbí.

Adewui ni mo ń gbé, nílùú Lomé, mo sì mọ ohun tí eré yìí ń gbà lára ọmọ ènìyàn. Kí àwọn oní-botokoin, àwọn tó ń din puff-puff, tó gbé epo kaná láàárọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ti dé ojú títì. Àwọn ọmọ Èwè wà nínú wọn, àwọn ọmọ Kotokólì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tiwa tí àwọn ará ibí ń pè ní Ànàgó náà kò gbẹ́yìn. Bàtà àlòkù láti ọjà Hédzranawoé ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíràn á ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu tirẹ̀ pọ̀. Wọ́n á sáré títí dé etíkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá iyanrìn sójú ọ̀nà, wọ́n á padà wá wẹ̀, wọ́n á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ eré tó pé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ eré ìje gígùn kan tí wọ́n ṣe nílùú níbí, èmi àti àwọn kan láti àdúgbò dúró síbi tí a ti ń fún àwọn asáré lómi, lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti yí padà sí àárín ìlú. Oòrùn ti mú. Àwọn tó ń kọjá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ lágbára àtiya ọ̀rá omi mọ́, àwa la ń fi eyín já a fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni zémìjàn kan yà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta bẹntiróò inú ìgò. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mo mọ̀ dáadáa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà kí nọ́ńbà má baà hàn. Ó sanwó fún ọlọ́kadà. Ó gba ọ̀rá omi méjì lọ́wọ́ ọmọ wa kan, ó da ọ̀kan sórí, ó da èkejì sí àyà àti abíyá, ó fọwọ́ ra ojú, ló bá wọ àárín àwọn asáré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro díẹ̀díẹ̀.

Omi ni mo rí lára rẹ̀, kì í ṣe òógùn. Ẹni tó bá sáré jìnnà nínú oòrùn Lomé, iyọ̀ á yọ lára rẹ̀: wàá rí i tó funfun lẹ́bàá etí, tó ṣe bátabàta lẹ́yìn ẹ̀wù dúdú. Itan á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Bàtà ọ̀gbẹ́ni yìí mọ́ tónítóní. Mo pè é lórúkọ. Ó juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pariwo, gbogbo wa náà la ó débẹ̀." Ó sì débẹ̀ lóòótọ́. Kí n tó délé, fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp, mẹ́dàlì lọ́rùn, ìka méjì lókè, àwọn ènìyàn ń kí i kú oríire. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta àbóbò, ẹ̀wà sísè tí wọ́n ń fi gaàrí jẹ. Òun náà sá eré ọjọ́ yẹn. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ bó, ó dìde, ó ń bá a lọ. Ìgbà tó fi máa wọlé, wọ́n ti ń tú àgọ́, àwọn ọmọdé ti ń ṣa ike. Wọ́n ní mẹ́dàlì ti tán. Iye ènìyàn tí wọ́n fojú bù pé yóò sá a parí ni wọ́n ṣe é mọ. Mo mọ ọrùn tí mẹ́dàlì tirẹ̀ wà. Ìyá náà ò bínú. Ó ní òun ṣáà ti sá a. Èmi ni inú ń bí, kò sì tíì kúrò níkùn mi. Ẹni tó jalè tó fi dá àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Kó gbé mẹ́dàlì náà kọ́ sí pálọ̀, kó fi gíláàsì bò ó, kó máa fi han àlejò. Ẹrù olè ni àlejò ń wò.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, eré lásán mà ni. Kì í ṣe òun ló gba ipò kìíní, kò sì gba owó ẹnikẹ́ni. Ta ló pa lára?" Irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba ìlú jẹ́. Mo bi í pé bó bá rán ọmọ rẹ̀ ní ẹja lọ́jà, tí ọmọ náà fowó ra botokoin jẹ, tó wá délé tó ní ẹja ti tán, ṣé yóò sọ pé owó kékeré lásán ni? Kò dá mi lóhùn.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ọ̀gbẹ́ni yìí kò burú lójú àwọn ènìyàn. Ó mọ̀ọ́ kí àgbà. Ó lawọ́, bí ìkómọ bá wà, ó máa ń wà lára àwọn tó kọ́kọ́ náwó. Ó ní ìtẹríba, ó ní ọ̀yàyà, kì í bá ará ilé jà. Bí wọ́n bá ní ká máa fi ìka ka ìwà ọmọlúàbí, ọ̀pọ̀ ìka la óò ká kí a tó dé ibi tí tirẹ̀ ti kù. Àmọ́ òtítọ́ ló kù yẹn, bí òtítọ́ bá sì ti kù, mo ti kó àwọn yòókù dà nù. Kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ òpùrọ́ ṣe? Ẹni tó lè fi omi ọ̀rá ṣe òógùn lè fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe ọ̀wọ̀, ó sì lè fi owó tó ná níbi ìkómọ bo ohun tí n kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kí mi, mo máa ń wò ó pé èwo gan-an ni èyí.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú eré ìje gígùn Òlíńpíìkì ọdún 1904, ní St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Fred Lorz ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó wọ pápá. Ariwo ta. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi ewé ẹ̀yẹ dé e lórí kí àṣírí tó tú pé inú ọkọ̀ ló jókòó sí fún nǹkan bíi kìlómítà 18. Oòrùn ọjọ́ náà le, omi wọ́n, eruku bo ọ̀nà. Nínú àwọn 32 tó bẹ̀rẹ̀, 14 péré ló parí. Ọmọ Áfíríkà méjì wà nínú àwọn 14 yẹn, Len Taunyane àti Jan Mashiani, ọmọ Tswana láti Gúúsù Áfíríkà. Ajá lé Taunyane kúrò lójú ọ̀nà, ó sá lọ jìnnà kó tó rí àyè padà, síbẹ̀ ó gba ipò kẹsàn-án. Ọkọ̀ tó ń bu eruku sójú Lorz ló ń bù ú sójú tòun náà. Kò wọ ọ̀kankan. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. A mọ ohun tó ń lé Taunyane. Kí ló ń lé ọ̀gbẹ́ni tiwa?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Lorz tán, bí kò tilẹ̀ wù mí. Nígbà tí wọ́n dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́, kò jiyàn. Ó ní ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe. Wọ́n lé e kúrò nínú eré ìje, wọ́n tún dárí jì í, nígbà tó sì di 1905, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá ti Boston, ó gba ipò kìíní. Ẹni tí mo ń wí kò tíì jẹ́wọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn kan á ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ní Mexico City lọ́dún 2023, nínú nǹkan bí 30,000 tó sáré, nǹkan bí 11,000 ni wọ́n ní kò kọjá lórí gbogbo máàtì tó ń ka nọ́ńbà lójú ọ̀nà. Ní Shenzhen, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, lóṣù kọkànlá ọdún 2018, kámẹ́rà títì ká àwọn tó gba àárín igi já sí òdì kejì kí ọ̀nà lè kúrú. 258 asáré ni wọ́n fìyà jẹ. Kí lèyí fi hàn? Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá olè kò sọ olè jíjà di iṣẹ́. Bó pẹ́ bó yá, àṣírí á sì tú. Ẹ wo Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba ipò kìíní nínú eré ìje Èkó àkọ́kọ́, kìlómítà 42.195 gbáko, lọ́jọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, tó tún padà wá gbà á ní 2017. Lóṣù kẹwàá 2018, ó sá ìdajì eré náà ní Valencia ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18, ẹnikẹ́ni ò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tú u fó ní 2019. Wọ́n ní kó má sáré fún ọdún 4, wọ́n sì pa ti Valencia rẹ́ kúrò nínú ìwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó ọdún kan.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ṣètò eré wa náà ní ẹ̀bi tiwọn, n kò sì ní bò ó. Omi tán lọ́wọ́ wa nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn ò tíì dé. Wọ́n ṣí títì fún mọ́tò kí àwọn tí kò yára tó kọjá, ni àwọn yẹn bá ń sáré láàárín tákísí àti ọkọ̀ akẹ́rù. Níbi ìyípadà, ẹni tó yẹ kó máa júwe ọ̀nà ti kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ṣìnà láìmọ̀, wọn ò jẹ̀bi. Bí iṣan bá sì dì mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ni kó ṣe bí kò ṣe kó wá nǹkan gùn? Zémìjàn ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Gùn ún. Ṣí nọ́ńbà kúrò láyà, gùn ún lọ sílé, lọ wẹ̀, lọ sùn. A ó kí ọ pẹ̀lẹ́, èmi gan-an á wá fi òrí ra ẹsẹ̀ fún ọ. Ìjà tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti na ọrùn.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Lọ́jọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2012, nínú eré ìje kan ní Burlada lórílẹ̀-èdè Sípéènì, Abel Mutai ọmọ Kẹ́ńyà ló wà níwájú. Ó rò pé òun ti dé òpin, ó dẹsẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ìlà ṣì wà níwájú. Iván Fernández Anaya ló tẹ̀ lé e. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sí òfin tó máa mú un. Kò kọjá. Ó dúró sẹ́yìn Mutai, ó ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un, nítorí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, títí Mutai fi wọlé. Ipò kejì lòun gbà. Àwọn ọmọ wa máa ń fi ẹ̀rín bi mí pé ṣé orí rẹ̀ pé ni, a ó sì jọ jiyàn títí a ó fi délé. Lẹ́yìn eré ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń sá eré gígùn bi mí, kò rẹ́rìn-ín rárá: "Bàbá, èló ni zémìjàn láti etíkun dé ibi tí eré ti ń parí?" Ọmọ náà ò mọ̀ pé ohun tóun bi mí burú. Ó rí ẹni tó gùn ún, ó rí bí wọ́n ṣe ń kí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ni ọmọ yìí ti fẹ́ kó jáde nílé tiwa?

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ bá àwọn tó ń ṣètò eré. Mo ní kí wọ́n tẹ́ máàtì síbi ìyípadà, kó má jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Bí owó máàtì bá wọ́n jù, kí ènìyàn méjì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà. Tàbí kí wọ́n so ọ̀já mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó bá débẹ̀, ẹni tí kò bá ní ọ̀já kò gba mẹ́dàlì. Kí wọ́n ya mẹ́dàlì àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì ṣí títì kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àwa ará Adewui ti ra ọ̀já tiwa sílẹ̀, pupa ni. Wọ́n gbà o, wọn ò gbà o, a óò wà níbi ìyípadà lọ́dún tó ń bọ̀, a óò máa so ó mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.