Ìran Ọ̀fẹ́, Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ rò lónìí ni ọ̀rọ̀ fídíò inú fóònù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pọ́tábù. Ní Gouka, ní Bantè, títí dé Savalou, tọmọdé tàgbà ló ń wò ó. A ń wo aláwàdà, a ń wo olórin, a ń wo fíìmù Yorùbá. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀ a ń gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe fídíò wọ̀nyí ń rí owó, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi kọ́lé.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé, níbo ni owó náà ti ń wá? Èkejì ló le jù: bí ohun tí wọ́n ń fi hàn wá bá burú, ṣé àwa tí a kàn ń wòran ní ẹ̀bi níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọjà wa. Gbogbo wa la mọ ọkùnrin tó ń ta oògùn lọ́jọ́ ọjà. Kì í dédé gbé oògùn kalẹ̀ kó máa wo ọ̀nà. Yóò kọ́kọ́ mú onílù wá, tàbí ẹni tó ń pidán, tàbí ẹni tó ń fi ejò ṣeré. Ìlù á dún, èrò á pé. Kò sí ẹni tó sanwó kó tó wo ejò. Nígbà tí èrò bá pọ̀ tán, ìlù á dákẹ́, olóògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: oògùn ẹ̀yìn dídùn rèé, oògùn aràn rèé. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó dúró, bí mẹ́wàá bá ra oògùn, olóògùn ti jèrè. Nínú èrè yẹn ló ti ń san owó onílù.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ni onílù tà fún olóògùn? Kì í ṣe ìlù, nítorí olóògùn kò wá jó. Èrò ló tà fún un. Ojú wa àti etí wa tí a yà síbẹ̀ ni ọjà tó tà. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Fídíò inú fóònù kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ṣe fídíò ni onílù. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ, tàbí ọkọ̀, tàbí fóònù, ni olóògùn. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí fídíò wà lórí rẹ̀ ni pápá ọjà.

Ọ̀kan nínú àwọn pápá tó tóbi jù ni YouTube. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ kò gùn rárá, ìṣẹ́jú àáyá 19 péré ni. Ọ̀kan nínú wọn ló dúró níwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́jà wọn. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Google ra YouTube ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 650 dọ́là. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe fídíò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ilé iṣẹ́ kan san 1.000 fràǹkì kí wọ́n lè fi ìpolówó ọṣẹ rẹ̀ sáàárín fídíò gígùn kan. YouTube yóò mú 450 fràǹkì. Ẹni tó ṣe fídíò yóò gba 550 fràǹkì. Ti fídíò kúkúrú yàtọ̀: wọ́n ń kó owó ìpolówó jọ sójú kan kí wọ́n tó pín in, àti pé nínú 100 fràǹkì tó bá kan fídíò ẹnì kan, 45 ló ń wọ ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fi fídíò síbẹ̀ ló ń gba owó. Láti ọdún 2018, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní 1.000 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ fídíò gígùn ló ń ṣe, àwọn ènìyàn tún gbọ́dọ̀ ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4.000 láàárín oṣù 12. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ wò ó tó bẹ́ẹ̀, yóò jókòó fún ọjọ́ 166 àti wákàtí 16, tọ̀sán tòru, láìsùn. Ẹ ò rí i pé owó náà kò rọrùn bí àwọn ọmọ wa ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe fídíò fún ọdún púpọ̀ láìrí nǹkan kan.

Ojú kò sì níye kan náà níbi gbogbo. Ilé iṣẹ́ ń san owó púpọ̀ lórí ẹni tó ń wòran ní Amẹ́ríkà tàbí ní Faransé ju lórí ẹni tó ń wòran ní Gouka. Wọ́n rò pé owó tí ẹni yẹn fi lè ra ọjà àwọn ju tiwa lọ.

Ẹlòmíràn á ní: «Ṣùgbọ́n èmi ń ra mẹ́gà. Ṣé owó mẹ́gà mi kọ́ ló ń lọ sọ́wọ́ aláwàdà?» Rárá o. Owó mẹ́gà ń lọ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Òun dà bí owó ọkọ̀ tí a san kí á tó dé ọjà. Onílù kò rí nínú rẹ̀. Àwa ará Benin mọ bí owó yìí ṣe ń dunni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìjọba fi owó orí 5 fràǹkì lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n pariwo, ìjọba sì fagi lé e nínú oṣù kan náà. Nítorí náà, ohun méjì la ń san: owó la ń san fún ọ̀nà, ojú àti àkókò wa la sì ń san fún ìran. Ti owó nìkan la máa ń rántí.

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́: iṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ rere. Ẹ rántí fíìmù Yorùbá tí a máa ń rà ní kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ní sídì. Àwọn olè á dà á kọ, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó, ẹni tó ṣe é kò ní rí èrè. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ti gbé e lọ sórí YouTube. Owó ìpolówó ni wọ́n fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mark Angel, aláwàdà ní Port Harcourt ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Emmanuella. Ní ọdún 2017, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn lórí YouTube ti pé mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2020, Emmanuella kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá pa wá lẹ́rìn-ín láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ kó jẹun. Owó rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìjú rèé. Ohun tí olóògùn ń rà ni èrò, kò sì bìkítà bí wọ́n ṣe kó èrò náà jọ. Ìlù dídùn ń kó èrò jọ. Ìjà náà ń kó èrò jọ. Ìtìjú ọmọlàkejì ń kó èrò jọ ju méjèèjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Obìnrin kan ru gàrí bọ̀ láti oko. Ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, gàrí dànù, aṣọ rẹ̀ tú. Ọ̀dọ́ kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Dípò kó sáré lọ gbé e dìde, fóònù ló yọ. Ní alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wò ó, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀dọ́ yìí bá wà lára àwọn tó ń gba owó, ìṣubú obìnrin náà ti di owó. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ta ọṣẹ. Pápá ọjà gba ìpín tirẹ̀. Ọ̀dọ́ gba ìpín tirẹ̀. Kí ló kan obìnrin tó ṣubú? Gàrí tó dànù àti ìtìjú nìkan ló kàn án.

Ṣé owó bẹ́ẹ̀ mọ́? Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi nínú oko ẹlòmíràn á tọrọ rẹ̀. Ojú ènìyàn àti orúkọ rẹ̀ ju igi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe ìran, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èrè bá sì wà, kó fún un nínú rẹ̀. Òfin náà ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Benin, òfin íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì yọ ọmọlàkejì lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọlọ́pàá mú aláwàdà kan nítorí fídíò tó fi ọmọdébìnrin kan ṣe, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yẹ ọmọdé. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í wo àwa tí a wo fídíò náà. Níbí ni ìbéèrè kejì wa wà. Ọ̀pọ̀ á ní: «Èmi kò ya fídíò náà. N kò fún un ní fràǹkì kan. Mo kàn wò ó ni.» Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Bí èrò kò bá dúró, olóògùn kò ní san owó onílù. Wíwò wa gan-an ni owó náà. Àwọn àgbà ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ya fídíò ìtìjú ló gbé epo lájà. Àwa tí a wò ó tán, tí a tún fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, àwa la gbà á sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á tún ní: «Ojú mi kan ṣoṣo kò tó nǹkan.» Lóòótọ́, kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni horo àgbàdo kan kò tó nǹkan, síbẹ̀ horo kọ̀ọ̀kan ló di àpò. Ẹlòmíràn sì ní: «Mo wò ó kí n lè bú u ni.» Ẹ̀rọ tó ń kà wá kò mọ ẹ̀rín yàtọ̀ sí èébú. Ó mọ̀ pé a wò ó, ó mọ iye ìṣẹ́jú tí a lò. Ẹni tó wò ó láti bú u náà wà lára èrò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á dá ẹ̀bi kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n tàn, tó ṣí fídíò láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹni tó mọ̀, tó sì wò ó dópin, jẹ̀bi díẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti di onílù fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2017, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí i pé ìpolówó wọn ń jáde pọ̀ mọ́ fídíò àwọn tó ń gbé ìkórìíra lárugẹ. Wọ́n dá owó wọn dúró. Kò pẹ́ tí YouTube fi mú òfin rẹ̀ le sí i. Bí olóògùn bá lè dá owó rẹ̀ dúró nítorí orúkọ rẹ̀, àwa náà lè dá ojú wa dúró nítorí ìwà wa. Kò gba owó, kò gba ìwé ẹ̀rí. Ìka kan la fi ń pa fídíò.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ṣí fóònù, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: bí ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yìí bá jẹ́ ìyá mi, ṣé èmi á dúró wò ó? Bí a kò bá ní dúró, ẹ jẹ́ kí á kúrò láàárín èrò. Bí aláwàdà kan sì wà tó ń ṣe é dáadáa, tó ń sọ èdè wa, tó ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí á wò ó dópin, kí á sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ojú wa ni owó wa. Ẹ jẹ́ kí á ná an síbi tó yẹ.