Ohun Tí A Mọ̀, Ṣé Tiwa Nìkan Ni?

Àwa ará Ekiadolor, tí ọ̀nà Bìní sí Èkó gba iwájú ilé wa kọjá, a mọ ohun tí à ń pè ní ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi fọ́tò kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Àwọn òyìnbó bíi mélòó kan ni, wọ́n dúró ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kò ní òrùlé, gíríìsì kún ọwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní ọkọ̀ tí olúkúlùkù wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ní ilé ni, pé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ra á nínú àpótí, àti pé wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ń tọ́ ọkọ̀ bí ẹni tọ́ ọmọ. Àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí ó kan ohun kan tí a ti ń gbé mọ́ra láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Kí a má tíì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ná. Ọkọ̀ tí ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa rìnrìn àjò láyé ọjọ́un, ṣé odindi ni ó ti òkè òkun wá? Bọ́lẹ̀kájà ni. Ṣáísì, ẹ́ńjìnnì àti táyà ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Bedford tàbí Austin. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí ẹni tí ó ń fi ọ̀dà kọ̀wé yóò sì wá kọ àdúrà tàbí òwe sí iwájú rẹ̀. Bí káfíńtà bá ṣe mọ̀ ọ́n ni ó ṣe ń kàn án. Nítorí náà, awakọ̀ tí tirẹ̀ bá yọnu lójú ọ̀nà Orè kò ní ìwé kankan tí yóò ṣí wò. Awakọ̀ mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí ni ìwé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn òyìnbó inú fọ́tò yẹn. Ní ọdún 1957 ni Colin Chapman, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ Lotus ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Seven. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rà á ní wẹ́wẹ́ kí ó sì lọ tò ó fúnra rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun kò kan ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to tirẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn tí ó ní ọkọ̀ náà fẹ́ràn láti máa sọ: wọ́n ní òfin kò gbà kí a fún ẹni tí ó rà á ní ìwé bí a ti ń tò ó, nítorí náà ìwé bí a ti ń tú u ni wọ́n fún un, kí ó máa kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí ìtàn náà, a kò ní bá wọn jà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní kéwú rí mọ̀ pé kò sí ìwé tí ó ń kọ́ni tó ẹni tí ó jókòó tini. Nígbà tí ìjọba wọn yí òfin owó orí náà padà ní 1973, àǹfààní náà tán. Ní ọdún yẹn kan náà ni Lotus fi ọkọ̀ Seven lé ilé iṣẹ́ Caterham lọ́wọ́. Àǹfààní owó tán, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kò túká, títí di òní.

Kí ni ó wá so wọ́n pọ̀? Ẹnìkan lè sọ pé ìfẹ́ ọkọ̀ ni. A kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn Mercedes pọ̀ ní Bìní, kò mú kí wọ́n máa kí ara wọn, ká má tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n jọ jẹun. Ẹni tí ó ra Mercedes ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, àfi ẹlòmíràn tí ó ti to irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àìní ni ó so wọ́n pọ̀. Ohun tí wọ́n sì ń fún ara wọn kì í sábà jẹ́ owó, ìmọ̀ ni: nọ́ọ̀tì wo ni a kọ́kọ́ ń de, ibo ni omi ń gbà wọlé, ta ni ó ń ta irú páìpù báyìí. Bí ẹnìkan nínú wọn bá wá sọ pé ohun tí òun mọ̀, owó òun àti oorun òun ni òun fi rà á, pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ni a óò fi dá a lóhùn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni a ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Ẹ mọ Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kóló. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Òun náà, wẹ́wẹ́ ni ó ń ti òkè òkun wá kí wọ́n tó tò ó. Èyí tí ó kẹ́yìn láyé, ní oṣù July ọdún 2003 ni wọ́n ṣe é, ní Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 21. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń wa Ìjàpá ti di ẹgbẹ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ to ọkọ̀: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un.

Àwa náà ní ọ̀kan. Àwa bíi márùn-ún ni a máa ń pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lábẹ́ igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mẹkáníìkì kan. A kò ní alága, a kò ní akápò, a kò sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀kọ àti àkàrà wá ni gbogbo wa ń jẹ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, kì í mu omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já tí awakọ̀ kò sì tètè dúró, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jáde láìní bẹ́líìtì méjì nínú ọkọ̀, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ó bá bá pàdé lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó fi èyí ṣe òfin fún wa.

Bàbá kan wà láàárín wa, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ kan, bàbá yìí ní, "Ááfà, ibo ni èèyàn ti lè rí kabúrétọ̀ tó dáa?" A mọ ibẹ̀. Ọkùnrin kan ní Bìní jogún àpótí sípéà pátì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tí ó ti kú, a sì ti rí kabúrétọ̀ náà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojú wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò yá ju ahọ́n lọ. A ní, "Bàbá, ó ti wọ́n o. Ẹ jẹ́ ká bá yín wá a." Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a lọ rà á, a sì tà á fún bàbá ní ìlọ́po méjì iye tí a rà á. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà fún wa. A ṣe àmín.

Àwáwí wa kò kéré. Òwò jẹ́ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́. Ìyá aláta kì í sọ oko tí ó ti ra ata fún ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olè. Ohun tí oníṣòwò mọ̀ ni ọjà rẹ̀. Bí ó bá tú u jáde tán, kí ni yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbe àwáwí yìí. Bruce Meyers ni orúkọ rẹ̀. Ní California, ní 1964, ó fi fáíbà dá ara ọkọ̀ ìrìn inú yanrìn kan, ó pè é ní Manx. Láìpẹ́, orí ṣáísì Ìjàpá yìí kan náà ni àwọn tí ó ń rà á ń gbé e lé nílé wọn. Àwọn mìíràn wo iṣẹ́ rẹ̀ dà, wọ́n sì ń tà á ju tirẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò dá a láre. Nígbà tí ó fi di 1971, ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ẹni tí ó bá ní kí a wo bí wọ́n ti jẹ ẹni tí kò bo ọgbọ́n rẹ̀, kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń wa ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní 1994, kí ó tó kú ní 2021 lẹ́ni ọdún 94. A ronú lórí èyí títí. Ẹni tí ó wo iṣẹ́ rẹ̀ dà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó bi í bí a ti ń de nọ́ọ̀tì. Ti àkọ́kọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ti èkejì kò mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwáwí wa ti já. Ká ní bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ni, kí wọ́n ní "Ẹ bá mi wá kabúrétọ̀, èló ni?", èrè wa kò ní àbùkù. Abẹ́ igi ni wọ́n ti bi wá, níbi tí a ti jọ jẹ ẹ̀kọ tán. Wọn kò béèrè ọjà, ọ̀nà ni wọ́n béèrè. Wọ́n bi wá gẹ́gẹ́ bí ará, a dá wọn lóhùn gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, a kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ti pààrọ̀ aṣọ. Ànábì wa ka ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ sí ẹni tí a fi ohun pamọ́ sí lọ́wọ́.

Sūratu-l-Mā'ūn ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn onítumọ̀ sọ pé nǹkan kéékèèké inú ilé tí aládùúgbò ń yá ara wọn ni ó ń jẹ́ mā'ūn: ìkòkò, àáké, korobá. Ọmọ kan gbójú sókè, ó ní, "Ááfà, sípánà ńkọ́?" A ní ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gbà wá.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìbéèrè ni a jẹ ní gbèsè. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ọgbọ́n bí ẹni ń pọn omi, tí wọn kò sọ ohun kan fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tí ó bá dákẹ́ fún irú wọn, a kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ara wa nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìdílé tuntun kan yóò ti ilé dé, wọn kò gbọ́ Ẹdó, wọn kò mọ ẹni tí a ń rí kí a tó gba oko dá, wọn kò mọ ilẹ̀ tí ó ní ìjà nínú. Wọ́n á kí wa ní mọ́sálásí, wọ́n á bi wá léèrè. Àwọn kan nínú wa ti rí i pé owó wà nínú ìdáhùn náà. "Ẹ jẹ́ ká bá yín wá a." A mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, ẹnu wa ni ó ti jáde. Àwa tí a tètè dé síhìn-ín, àwọn kan ni wọ́n fi ọ̀nà hàn wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá padà mọ̀. Wọ́n pàdé ọmọ oní-sípéà náà fúnra wọn, ó sì dárúkọ iye tí ó tà á. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n ń kí wa bí wọ́n ti ń kí wa tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ wa. Kìkì pé wọn kò bi wá ní ohunkóhun mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a rí i pé àwọn yòókù náà kò bi wá mọ́; bí a bá dé abẹ́ igi, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọn yóò yà sí. Bẹ́líìtì kejì ṣì wà nínú ọkọ̀ wa, kò sì sí ẹni tí ó tọrọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, bàbá kó padà sí ìlú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, a ṣírò èrè tí a jẹ lórí kabúrétọ̀ náà, a fi sínú àpòòwé, a sì kọ ohun tí a ṣe sínú ìwé láìfi bò. Awakọ̀ kan tí ó ń ná ọ̀nà ibẹ̀ ni a fi rán. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mú àpòòwé padà wá. Bàbá gba púpọ̀ nínú owó náà, wọ́n dá díẹ̀ padà. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti ṣírò owó ọkọ̀ wa lọ sí Bìní àti bọ̀, àti wàhálà ọjọ́ kan, pé ẹ̀tọ́ wa nìyẹn, kí a má ṣe fi sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n ní rọ́bà ilẹ̀kùn Ìjàpá àwọn ti gé, òjò sì ń wọlé, ṣé Ááfà mọ ibi tí àwọn ti lè rí i. A kọ orúkọ ọjà náà, ìlà ṣọ́ọ̀bù náà àti iye tí wọ́n ń tà á, a sì fi fún awakọ̀ náà kí ó tó ṣí ọkọ̀ padà.