Epo Wọ Kànga

Ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà l'Ékòó, àwọn èèyàn ju korobá sí kànga láti fa omi, epo bẹntiróòlù bá a gòkè. Ọ̀pá epo NNPC tó gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà kọjá ló jò, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ ń fa epo náà mu díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan omi ìsàlẹ̀. Kànga dé kànga ló ń ràn. Omi ń dán yinrin lójú, òórùn rẹ̀ ń gúnni nímú. Onílé tó fowó ara rẹ̀ gbẹ́ kànga wá di ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ogún ọdún kọjá, epo ò tán nínú àwọn kànga kan.

Imú kìlọ̀ fún ará Bárúwà. Ibi tí imú ò ti ní kìlọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ benzene wà nínú epo bẹntiróòlù, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń lò ó láti fi yọ́ nǹkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Kí ahọ́n tó tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n, ó ti ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní Ògálé, nílẹ̀ Ògóní, UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí àyíká, rí i lọ́dún 2011 pé benzene inú kànga ju òdiwọ̀n yẹn lọ ní ìlọ́po 900, àwọn ìdílé sì ń mu omi náà. Inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni benzene ti ń ṣọṣẹ́. Ó lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó yọjú.

Ìyá tó bá ní òun á se omi náà kí ọmọ òun tó mu ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá a dúró. Iná á pa kòkòrò taifọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n benzene á bá ooru jáde, ìyá fúnra rẹ̀ á sì fà á símú nídìí ìkòkò. Álọ́ọ̀mù ò lè mú un kúrò.

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Camp Lejeune, láti 1953 sí 1987, kẹ́míkà wọ omi mímu, lára rẹ̀ èyí tí ilé ìfọṣọ ìtòsí kan ń fi fọ aṣọ. Oṣù kẹjọ 2022 ni òfin tó fún àwọn tó mu ún láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ tó jáde.

Níbàdàn wa ńkọ́? Bí omi Asejire àti Ẹlẹ́yẹlé ò bá dé ẹnu ẹ̀rọ, kànga la ń sá lọ bá. Ní Challenge àti Ring Road, ilé epo àti mẹkáníìkì ń bá ilé gbígbé pààlà. Mẹkáníìkì á fi bẹntiróòlù fọ irin ẹ́ńjìnnì, á sì da èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Àgbowó sì rèé, níbi tí odidi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó gbẹ́ kànga, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, ẹ dárúkọ benzene, torí àyẹ̀wò kòkòrò nìkan ò lè rí i. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ da ìdọ̀tí epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sílẹ̀. Kànga tó bá sì ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má fi omi rẹ̀ gbígbóná wẹ ọmọ, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn. Ẹ ké sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká lọ́jọ́ náà gan-an.