Òṣùwọ̀n Ọlọ́hun nínú omi ara wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Allah tí Ó fi omi ṣe ìpìlẹ̀ ohun abẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí Súratul-Anbiyá'i, aayah 30, ti fi yé wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni a fẹ́ fi ran ara wa létí nínú oṣù yìí. Súratul-Kọmari, aayah 49, kọ́ wa pé kò sí ẹ̀dá Ọlọ́hun tí kò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí a ó ti rí i kò jìnnà; inú ara wa ni.

Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí ni ó para pọ̀ di ara wa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọlọ́ràá ni ó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wá ni awọ yìí ń jẹ́ kí ó wọlé. Omi ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀. Nítorí àwárí rẹ̀ ni Peter Agre fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Omi a sì máa ṣí lọ sí ìhà tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ìgbín tí a da iyọ̀ sí lára fi ń tú omi jáde títí yóò fi kú.

Bí onígbáméjì bá mú ènìyàn, oró rẹ̀ a mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun máa da iyọ̀ jáde, omi ara a sì tẹ̀lé e. Omi lásán tí aláìsàn bá mu kò ní dúró púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àánú Ọlọ́hun, ilẹ̀kùn kan wà tí àìsàn yìí kì í tì. Iyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n jọ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi a bá wọn lọ. Robert Crane ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1960. Ní 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ Íńdíà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Bangaon, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò sì kárí. Dókítà Dilip Mahalanabis po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ní kí àwọn ẹbí máa fún aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé 4.

Òṣùwọ̀n náà nìyí: lítà 1 omi tí ó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí a gé ẹnu ṣíbí dọ́gba. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, yóò fa omi ara ọmọ sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì le sí i. Mínírà kò lè dípò rẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá. ORS inú ọ̀rá ni ó dára jù bí a bá rí i. Ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró. Bí kò bá lè mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn kan ṣì ń fi omi du irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bí kò bá mu, ìgbẹ́ yóò dáwọ́ dúró. Bí ọmọ bá kú, wọn a ní àmúwá Ọlọ́hun ni. A gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọba tí Ó kádàrá àìsàn náà ni Ó fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí a kọ̀ láti gba ibẹ̀ kì í ṣe ìgbáralé Ọlọ́hun.

Mùdù omi kan ni Ànọ́bì wa a máa fi ṣe àlùwàlá. Àwa náà ń wọn mùdù-nnabí mẹ́rin fún sàká ìtúnu ààwẹ̀, a kì í jẹ́ kí ó dín. Kí ló dé tí a ó fi máa fojú wọn iyọ̀ tí ọmọ yóò mu?

Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa kọ́ ará ilé rẹ̀ ní òṣùwọ̀n yìí kí oṣù tó parí. Súratul-Máídà, aayah 32, ti jẹ́ kí a mọ bí ẹni tí ó dá ẹ̀mí kan sí ti tóbi tó lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Kí Allah fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní jíǹkí wa, kí Ó sì bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àámín.